Saboru: Bàtà Onígi Tó Wọ Èdè Jàpáànù

Bí olùkọ́ bá ń pe orúkọ nínú kíláàsì ní Tokyo, tí ọmọ kan kò sì dáhùn nítorí pé ó ti gba ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù lọ, ọ̀rọ̀ kan péré ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ròyìn rẹ̀: sabotta. Ó ti sá kíláàsì. Saboru ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà gan-an. Ó dà bí ọmọ onílé lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n àlejò ni. Ilẹ̀ Faransé ló ti wá, bàtà onígi ló sì wọ̀ wá.

Sabot ni àwọn Faransé ń pe bàtà onígi tí àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ ń wọ̀ láyé àtijọ́. Bàtà náà wúwo, ariwo rẹ̀ pọ̀, débi pé wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan láti ara rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jákujàku. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń ju bàtà wọn sẹ́nu ẹ̀rọ kó lè bàjẹ́ dùn létí, àmọ́ kò lẹ́rìí. Ohun tó dájú ni pé lọ́dún 1897, níbi àpérò àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Toulouse, Émile Pouget àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ sabotage di ohun ìjà: bí owó ọ̀yà bá ti kéré tó ni kí iṣẹ́ náà ṣe kéré tó.

Èbúté Kobe ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gbajúmọ̀ ní Jàpáànù. Lọ́dún 1918, ọ̀wọ́n ìrẹsì ti mú kí ará ìlú dìde, wọ́n sì dáná sun ilé iṣẹ́ oníṣòwò Suzuki níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1919, ó kan àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nílé iṣẹ́ Kawasaki. Owó tí wọ́n ń gbà kò ká ọjà mọ́. Ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá kan wà láti 1900 tó lè sọ ẹni tó bá rọ ẹlòmíràn láti yanṣẹ́ lódì sẹ́wọ̀n. Kí ni kí wọ́n ṣe? Wọ́n lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, wọ́n dúró ti ẹ̀rọ wọn, wọn ò sì ṣe ohun tó jọjú. Wọn ò yanṣẹ́ lódì, ta ni òfin fẹ́ mú? Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí Matsukata Kojiro, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, tó kéde pé wákàtí 8 ni wọn yóò máa ṣe lójúmọ́ dípò 10, owó wọn kò sì ní dín. Òkúta ìrántí wákàtí 8 náà wà ní Harborland ní Kobe dòní.

Àwọn ìwé ìròyìn ń pariwo ọgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ náà ní sabotāju, ìyẹn sabotage, ọ̀rọ̀ náà sì gùn jù lẹ́nu. Wọ́n gé e kù sí sabo, wọ́n fi ru sí i nídìí bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe wọn ṣe ń parí, ó di tiwọn: saboranai, kò sá, saborō, ẹ jẹ́ ká sá. Bí wọ́n ṣe sọ Google di guguru náà nìyẹn. Àwa náà sáà ń sọ pé ẹnìkan ń dọ́jì iṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìjà ọ̀yà ti kúrò nínú rẹ̀. Ìbàjẹ́ pàápàá kò sí níbẹ̀ mọ́: ẹni tó fọ́ afárá lójú ogun kò ṣe saboru. Ẹni tó yẹ kó bomi rin òdòdó tí kò bomi rin ín, ẹni tó pa eré ìdárayá òwúrọ̀ tì, àwọn wọ̀nyẹn ló ṣe é. Kì í ṣe namakeru, tó jẹ́ ìwà ọ̀lẹ. Ẹni tó múṣẹ́ gan-an lè saboru lẹ́ẹ̀kan. Kì í sì í ṣe yasumu, ìsinmi tí kò lẹ́bi nínú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wọn, bí ara yín kò bá yá lọ́la, yasumu ni kí ẹ sọ fún ọ̀gá yín.