Ilé tí a yá gbé ní Dei-Dei náà yẹ kó tura

Ọ̀rọ̀ ilé la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti lò ju ogún ọdún lọ nílùú Abuja, tó ti kọ́lé aláràbarà sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìwó, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé yàrá tó ń sùn sí lójoojúmọ́ ń jò, tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ti di ààtàn. Bí ẹ bá béèrè, èsì tí ẹ máa gbọ́ ni pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ lòwe ọ̀hún. Àmọ́ ilé tó wà nílé, ìgbà Iléyá tàbí Kérésìmesì nìkan la ń sùn níbẹ̀. Èyí tó wà ní Dei-Dei làwọn ọmọ wa ń dàgbà sí.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn wa kì í ṣe lásán. Láti ọdún 1976 tí òfin ti dá agbègbè Olú-ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ni ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. A kò sì tíì gbàgbé ọdún 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà, tí katakata wó ọ̀pọ̀ ilé láwọn àdúgbò tó yí ìlú ká. Ayálégbé náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀: ó lè tún ilé ṣe tán lónìí, kí onílé ní kó kó jáde lọ́la.

Ìdí nìyí tó fi yẹ ká pín àtúnṣe sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí a lè gbé lọ bí a bá ń kó kúrò. Èkejì ni èyí tí owó rẹ̀ kéré, tó jẹ́ pé ìtura ọdún kan péré ti tó èrè. Ẹ̀kẹta ni èyí tó wọnú ara ilé, bí àjà, gọ́tà tàbí táìlì. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀kẹta yìí láìbá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbà láti yọ owó náà nínú owó ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ohun tí ọjà wa ń dà nù

Àdúgbò díẹ̀ ló ní irú àǹfààní tí Dei-Dei ní. Ọjà ohun ìkọ́lé wà níbẹ̀, ọjà pákó wà níbẹ̀, ọjà ẹran náà sì wà níbẹ̀. Àfọ́kù táìlì tí kò pé páálí kì í wọ́n bí odindi, bíríkìlà sì lè fi sìmẹ́ǹtì tò ó sílẹ̀ balùwẹ̀ tó ti hó. Ẹ mú èyí tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, kì í ṣe èyí tó ń dán, kó má baà yọ ọmọdé tàbí àgbà ṣubú. Àjẹkù pákó náà ń di pẹpẹ ìkóbọ́sí. Ẹ jẹ́ kó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ má kàn án mọ́ ògiri. Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó lọ, ó ń bá yín lọ nìyẹn.

Ooru àti èéfín

Ooru Abuja láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin kì í ṣe kékeré, pàápàá fún ẹni tó ń sùn lábẹ́ páànù tí kò ní àjà. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni ooru ọ̀sán ti ń wọlé jù. Nítorí náà, ẹ fi kọ́tìnnì funfun tàbí ẹní bo fèrèsé ibẹ̀ láti ọ̀sán, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ lálẹ́ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì. Bí àyè bá wà, igi dóńgóyárò kan níhà ibẹ̀ yóò ṣe òjìji, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti sọ́kàwéè.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kíṣìnnì tàbí sábẹ́ fèrèsé rárá. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí kò ní òórùn, ó sì lè pa odindi ìdílé mọ́jú. Kò sí ẹ̀ṣọ́ ilé tó ju kí gbogbo ará ilé jí láyọ̀ lọ.

Omi òjò

Láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá lòjò ń rọ̀, síbẹ̀ mẹ́ruwà la ṣì ń náwó fún. Òjò 20 mìlímítà tó bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó 50 mítà onígun mẹ́rin, 1,000 lítà omi ni. Bí ìdá kan nínú márùn-ún bá tiẹ̀ ṣòfò, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìlélọ́gbọ̀n ló kún yẹn. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé kí ẹ tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ gọ́tà, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, ẹ má sì mu omi náà láìsè é. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa da omi inú agolo àti táyà nù.

Ìkòkò méjì dípò fíríìjì

Àwọn Gbagyi tó wà lórí ilẹ̀ yìí kí a tó dé mọ iṣẹ́ amọ̀ dáadáa. Àwòrán Ladi Kwali, ọmọ wọn tó fi ìkòkò mímọ lókìkí, ló wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, fi ìkòkò bẹ́ẹ̀ dárà tó fi gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, ó fi iyanrìn tútù há àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ńlá, bẹ́ẹ̀ ló ń fa ooru kúrò nínú kékeré. Ikàn tó máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Lásìkò òjò, kò fi bẹ́ẹ̀ tutù.

Ọgbà inú àpò

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè ní ọgbà. Ẹ wá àpò ìrẹsì, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ po erùpẹ̀ ìdá méjì mọ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí ti ewúrẹ́ ìdá kan láti ọjà ẹran. Ìgbẹ́ tútù ń jó ewé o. Ẹ kó o jọ, ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa rò ó pọ̀ fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó lè jẹrà. Ẹ má po ìyẹ̀fun pákó tútù mọ́ erùpẹ̀, nítorí bó ṣe ń jẹrà ló ń gba oúnjẹ tó yẹ kí ewéko jẹ. Ojú ọ̀nà tó ń di ẹrọ̀fọ̀ ni kí ẹ dà á sí.

Tẹ̀tẹ̀ yóò tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewédú, ṣọkọ àti ata rodo náà ń ṣe dáadáa nínú àpò. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀ kó máa bomi rin. Ọmọ tí wọ́n bí sí Abuja yóò tibẹ̀ mọ orúkọ ewé lédè wa, kò ní jẹ́ pé inú ọbẹ̀ nìkan ló ti mọ ṣọkọ. Bí onílé bá sì ní kí ẹ kó jáde, ẹ gbé ọgbà yín sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù yòókù.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé sílùú baba rẹ̀. Ohun tí à ń wí ni pé ibi tí a ń sùn lónìí náà ń jẹ́ ilé. Ẹ mú ẹyọ kan nínú nǹkan wọ̀nyí, kí ẹ ṣe é ní Sátidé tó ń bọ̀. Ilé yóò tù wá lára o.