Bí Wọ́n Ṣe Ń Fún Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ Níṣẹ́ Tuntun ní Yúróòpù

Níbi tí òpópónà Brick Lane àti Fournier Street ti pàdé ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ilé bíríkì kan wà níbẹ̀ tí àwọn Kristẹni ọmọ Faransé, tí inúnibíni lé kúrò nílẹ̀ wọn, kọ́ ní 1743. Ní 1819 ó di ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ní 1898 àwọn Júù tó sá wá láti ìlà-oòrùn Yúróòpù sọ ọ́ di sínágọ́gù. Láti 1976 mọ́ṣáláṣí ni, àwọn ará Bangladesh ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kírun níbẹ̀. Orúkọ ilé náà wà nínú ìwé ilé àjogúnbá ìjọba, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ṣàdédé wó ògiri rẹ̀ tàbí kó pa ojú rẹ̀ dà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí mọ́ṣáláṣí náà ní ilé gogoro tirẹ̀, wọn kò gbé e ka orí ilé àtijọ́ náà. Wọ́n fi irin dídán gbé e nàró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Oríire ńlá nìyẹn, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìjọsìn ló ń rí i. Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ní nǹkan bí 16,000 ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ló sì wà nínú ìwé àjogúnbá. Láàárín 1800 sí 1900, nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń fa èrò láti abúlé wá sí ìgboro, ṣe ni wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó yá, èrò kó kúrò, ọmọ kò bá bàbá lọ sí ìsìn mọ́, ilé ló ṣẹ́ kù. Láti 1969 títí di ìsinsìnyí, iye tí wọ́n ti tì pa sún mọ́ 2,000. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ tí wọ́n jọ́sìn kẹ́yìn nínú ilé kan àti ọjọ́ tí ẹlòmíràn gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí àárín ìgbà yẹn gan-an ni ilé ti ń kú tàbí tó ti ń yè.

Ta ló ń sanwó ìtọ́jú? Ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní Faransé, lábẹ́ òfin 1905 tó ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó ti wà ṣáájú òfin náà, ìjọba àpapọ̀ ló sì ni àwọn kàtídírà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìjọba ló bójú tó àtúnṣe Notre-Dame ní Paris láti ìgbà tí iná ti jó o ní oṣù kẹrin 2019 títí tí wọ́n fi ṣí i padà ní oṣù kejìlá 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọrẹ ni wọ́n fi ṣe é. Ní Jámánì, ìjọba máa ń bá ìjọ gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìjọ, ìdá 8 tàbí 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí oníkálukú ń san. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ọrùn páríìṣì ni ẹrù ilé wà. Bí ó bá jẹ́ arúgbó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù tó ń wá lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ni yóò wá owó tí wọn yóò fi tún òrùlé ẹgbẹ̀ta ọdún ṣe. Ìjọba ń gba VAT ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àtúnṣe ọ̀hún. Ní 2001 ó dá ètò kan sílẹ̀ tó fi ń dá a padà fún àwọn ilé ìjọsìn àjogúnbá, ṣùgbọ́n ní 2025 ó fi òdiwọ̀n sí i: £25,000 ni ilé kan lè gbà jù lọ́dún yẹn. Fún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí òrùlé rẹ̀ ti bàjẹ́, ìyẹn kéré.

Omi ni ọ̀tá ilé wọ̀nyí. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Òjé ni wọ́n fi bo orí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ dáadáa, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ òjé máa ń fẹ̀ nínú oòrùn, ó máa ń sún kì nínú òtútù, bó bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, yóò sán. Àwọn olè pẹ̀lú mọ iye tí wọ́n ń ra òjé. Wọ́n á gun òrùlé lóru, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á sì gbé e lọ. Bí ilé bá ní ìjọ, wọ́n á rí omi nílẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá ní, òjò lè máa rọ̀ sínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, igi àjà yóò ti jẹrà, dùùrù yóò ti bàjẹ́. Gọ́tà pẹ̀lú ń kó ìdààmú tirẹ̀ wá: ewé kún inú rẹ̀, omi ya gba ara ògiri, ògiri sì mu ún.

Ibí ni ọ̀pọ̀ onínúure ti máa ń ba nǹkan jẹ́. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, òkúta ni, ohun tí wọ́n sì fi so òkúta pọ̀ ni òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn. Àpòpọ̀ yìí rọ̀ ju òkúta lọ, omi tó bá wọ inú ògiri sì máa ń gba ojú rẹ̀ jáde. Bí bíríkìlà bá wá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú àlàfo náà, ojú rẹ̀ yóò dán, yóò sì le, ṣùgbọ́n omi kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́ àfi kó gba ara òkúta fúnra rẹ̀. Nígbà òtútù omi yẹn yóò di yìnyín, yóò wú, ojú òkúta yóò sì máa ṣí bọ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Òkúta tó ti wà fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lè bàjẹ́ láàárín ogójì ọdún nítorí sìmẹ́ǹtì àpò díẹ̀. William Morris, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1877 nítorí irú àtúnṣe tó ń ba ilé jẹ́ báyìí. Ohun tí wọ́n ń pè fún ni pé kí ìtọ́jú jẹ́ ti ojoojúmọ́, kí ó má di àtúnkọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ẹni tó ń gun àkàsọ̀ lọ kó ewé kúrò nínú gọ́tà lọ́dọọdún ń ṣe ju ẹni tó fi owó ńlá sílẹ̀ fún fèrèsé tuntun lọ.

Nígbà tí páríìṣì bá rí i pé agbára àwọn kò gbé e mọ́, títì ní ìlànà. Ìgbìmọ̀ páríìṣì, tí wọ́n ń pè ní P.C.C., yóò jíròrò, ọ̀rọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àti ìgbìmọ̀ dáyósíìsì, lẹ́yìn náà ni yóò kan Church Commissioners, àjọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bójú tó ohun ìní Ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n máa ń kéde ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ará àdúgbò èyíkéyìí sì lè kọ̀wé pé òun kò fara mọ́ ọn, yálà ó máa ń wá sí ìsìn tàbí kì í wá. Bí wọ́n bá ti ilé náà, wọn yóò máa wá ẹni tí yóò lò ó. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú: kí ó gba iṣẹ́ tuntun, kí wọ́n wó o, tàbí, bí ó bá ṣe pàtàkì gidi, kí ó lọ sọ́wọ́ Churches Conservation Trust, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969 lábẹ́ orúkọ mìíràn, tó ń tọ́jú ilé tó lé ní 350 báyìí. Bí ó bá jẹ́ títà ni, Church Commissioners máa ń kọ àdéhùn mọ́ ìwé ilé pé ohun báyìí-báyìí ni ẹni tó rà á lè fi í ṣe. Ọ̀rọ̀ òkú tún wà níbẹ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń sin òkú sí àyíká ṣọ́ọ̀ṣì àti sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àwọn òkú yẹn kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́lẹ̀.

Nínú gbogbo ilé tí Churches Conservation Trust gbà, All Souls ní ìlú Bolton ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ìdílé Greenhalgh, tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ òwú, ló sanwó kíkọ́ rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1881. Inú rẹ̀ fẹ̀ gan-an, kò sì sí òpó láàárín rẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá jókòó lè gbọ́ ìwàásù. Ilé iṣẹ́ òwú kú, àwọn ìdílé tó wá láti Íńdíà, Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, di ará àdúgbò, ní 1986 wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn jàǹdùkú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ẹni tó wá dìde pé ilé náà kò gbọdọ̀ kú ni ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan tó dàgbà sí àdúgbò náà. Ó gba ọdún díẹ̀ kí owó tó pé, ó sún mọ́ £5 mílíọ̀nù, owó tẹ́tẹ́ oríire orílẹ̀-èdè ló sì kó èyí tó pọ̀ jù síbẹ̀. Wọ́n ṣí i padà ní ìparí 2014. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé yàrá funfun alájà kalẹ̀ sáàárín gbọ̀ngàn náà, ó dá dúró fúnra rẹ̀, kò gbára lé ògiri àtijọ́. Ibẹ̀ ni ilé oúnjẹ, ọ́fíìsì àti yàrá ìpàdé wà. Bí ọjọ́ kan bá dé tí wọn kò nílò rẹ̀ mọ́, wọ́n lè tú u kó jáde, kí ṣọ́ọ̀ṣì 1881 sì padà sí bó ti wà.

Ní Maastricht nílẹ̀ Netherlands, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1294 bọ́ lọ́wọ́ àwọn àlùfáà nígbà tí ọmọ ogun Faransé wọ ìlú ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wọn kò fi í ṣe, títí dórí ibi ìgbé kẹ̀kẹ́ sí. Láti 2006 ilé ìtàwé ni. Àwọn ayàwòrán ilé rẹ̀, Merkx + Girod, nílò ààyè púpọ̀ fún ìwé, ilẹ̀ kò sì tó. Wọ́n wá fi irin dúdú ṣe pẹpẹ ìwé tó ga, tí ènìyàn ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ lọ sókè, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo gbọ̀ngàn náà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo, kí ẹni tó bá wọlé lè rí gíga ilé náà láti ilẹ̀ dé àjà.

Ohun tí mò ń wò nìyẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá ní àwọn ti fún ṣọ́ọ̀ṣì kan níṣẹ́ tuntun: ṣé a lè tú ohun tí wọ́n fi kún un, ṣé gbogbo ènìyàn sì ṣì lè wọlé? Nídìí èyí ni mi ò fi fẹ́ràn kí wọ́n sọ ọ́ di fúláàtì. Wọ́n á fi àjà tuntun la gbọ̀ngàn sí alájà mẹ́ta, wọ́n á gé fèrèsé gíga sí méjì láàárín ìdáná ẹnì kan àti yàrá ẹlòmíràn, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará àdúgbò tí ìyá wọn àgbà ti ṣègbéyàwó níbẹ̀. Lóòótọ́ òrùlé rẹ̀ kò ní jò, mo sì mọ̀ pé ó sàn ju wíwó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo St Paul's ní Bristol, tó di ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ṣeré orí okùn. Gíga ilé náà gan-an ni wọ́n nílò, nítorí náà kò sídìí tí wọn yóò fi gé e.

Ó tún sàn kí ilé má tilẹ̀ dé ibi títì rárá. Ní All Saints ní Hereford, láti 1997, wọ́n ń ta oúnjẹ àti kọfí ní apá ìwọ̀-oòrùn gbọ̀ngàn, wọ́n sì ń jọ́sìn ní apá ìlà-oòrùn títí di òní. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kì í kọjá láìjẹ́ pé àríyànjiyàn wà, pàápàá lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n máa ń fẹ́ kó jáde. Ìjọ Áńgílíkà ní adájọ́ tirẹ̀ ní dáyósíìsì kọ̀ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí. Ohun tí adájọ́ náà máa ń bi wọ́n ni pé, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yóò ba iyì ilé yìí jẹ́, báwo ni ìbàjẹ́ náà yóò ti tóbi tó, àǹfààní wo ni yóò sì bá gbogbo ènìyàn tó fi yẹ ká gbà á? Bí ìbàjẹ́ bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní náà gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa tààrà. Ní agbègbè Southwark nìkan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwádìí Yunifásítì Roehampton tó jáde ní 2013 ka 240 ìjọ tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn gan-an. Ọ̀pọ̀ ń pàdé nínú ilé ìkẹ́rù, òmíràn ń háyà gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn tí onílé bá ti ṣe tirẹ̀ tán. Òfin ètò ìlú níbẹ̀ pín ilé sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ìlò wọn, nítorí náà ìjọ tó bá ra ilé ìkẹ́rù gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí wọ́n tó lè máa jọ́sìn níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ti wà nínú ìsọ̀rí ìjọsìn tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìrọ̀rùn.

Àmọ́ ìdẹkùn kan wà níbẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà, Kátólíìkì, Mẹ́tọ́díìsì àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn ló ní àyè láti máa ṣe ìdájọ́ àtúnṣe ilé wọn fúnra wọn. Ìjọ Aládùúrà tàbí Pẹ́ńtíkọ́sì kò sí nínú wọn. Bí wọ́n bá ra ilé àjogúnbá, ọwọ́ káńsù ni wọn yóò ti gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó kan páálí mọ́ àjà, kí wọ́n tó fi ìṣó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ ara òpó, kí wọ́n tó hú bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá ṣe é láìgbàyè ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú un dé ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà, kí pásítọ̀ àti àwọn alàgbà tó san owó àkọ́kọ́, kí wọ́n béèrè ìwé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tà. Láti 1955 ni òfin Ìjọ Áńgílíkà ti ní kí ọ̀mọ̀ràn nínú iṣẹ́ ilé máa yẹ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wò ní ọdún márùn-ún-márùn-ún, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kí wọ́n ka ohun tó sọ nípa òjé, gọ́tà àti ògiri, kí wọ́n sì ro iye rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye tí wọ́n ń ta ilé. Bí ìwé náà kò bá sí, kí ìjọ fúnra rẹ̀ sanwó fún ẹni tó mọṣẹ́, kó gun òrùlé kó tó di pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ síwèé.