Ìlù Inú Píánò: Ẹ̀kọ́ Akin Euba fún Atẹdùùrù

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ń kọ́ dùùrù ní Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà ni ó ń ti orí kíbọ́ọ̀dù ìjọ bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbọ́ orin píánò kúkúrú kan tí ó le bí ààrá, tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dàgbà, eré ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ máa lé. Iṣẹ́ Akin Euba (1935–2020) fi hàn pé eré kọ́ ni gbòǹgbò irú agbára bẹ́ẹ̀.

Èkó ni wọ́n bí Euba sí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó tó fi orin dùndún gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní Legon. Lójú rẹ̀, píánò kì í ṣe àjèjì pátápátá sí Áfíríkà. Òòlù kéékèèké ni ó ń lu okùn wáyà inú rẹ̀, nítorí náà ó bá ìlù àti agidigbo tan. Nínú *Scenes from Traditional Life* (1970), ó to ohùn orin ní ìlànà ohùn méjìlá ti àwọn ará Yúróòpù, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn onílù Yorùbá ni ó ti mú ìlù rẹ̀.

Nínú ẹgbẹ́ dùndún, gúdúgúdú kì í yẹsẹ̀. Orí ìdúróṣinṣin rẹ̀ ni ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀. Bí gúdúgúdú bá sáré, ọ̀rọ̀ ìyáàlù a di ariwo. Bákan náà ni ọwọ́ méjèèjì lórí píánò: èyí tí kò yẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí èkejì lè bínú. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Sàngó-Ọ̀tà náà kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fọhùn. Ìdúró àti ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ pàdé.

Ìṣòro méjì ni ó kù. Awọ ọsán ni onídùndún ń fún kí ohùn tó yọ̀ láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Píánò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìwúwo ọwọ́ àti ìdákẹ́ ni atẹdùùrù fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìtẹ̀ jẹ́jẹ́ àti ìtẹ̀ kíkan.

Síbẹ̀, olùkọ́ kò jìnnà. Nínú ìjọ tí dùndún bá wà, kí ọmọ náà jókòó ti onígúdúgúdú, kí ó fi àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ó padà sí orin tí ó fẹ́ràn.