Ṣé O Mọ̀? Iléèwé Tó Gba Owó Ìjọba Ti Gba Òfin Mọ́ Ọn

Ṣé o mọ̀ pé láti 1954 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ pé yíya iléèwé ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kò bófin mu? Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún 10, nínú 100 ọmọ dúdú ní Gúúsù, àwọn tó ń bá ọmọ òyìnbó kàwé kò tó 3.

Ẹjọ́ lásán ò jọ àwọn aláṣẹ ibẹ̀ lójú. Ní Prince Edward, Virginia, ṣe ni wọ́n ti gbogbo iléèwé ìjọba pa láti 1959 sí 1964. Ọmọ ọdún 6 tó fẹ́ wọlé nígbà náà ti pé 11 kó tó rí iléèwé ìjọba wọ̀. Àwọn ọmọ òyìnbó ti wà níléèwé àdáni tiwọn ní tiwọn.

Ṣé o mọ ohun tó rọ agídí Gúúsù? Owó ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Aráàlú ti 1964, Orí Kẹfà, ní ẹni tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ torí àwọ̀ tàbí orírun ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni owó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ iléèwé. Ta ló fẹ́ pàdánù rẹ̀?

Irú òfin bẹ́ẹ̀ fún obìnrin dé ní 1972: ọ̀rọ̀ 37 péré lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ti akàndá ẹ̀dá jáde ní 1973, àmọ́ ìlànà rẹ̀ há sínú fáìlì. Ní April 1977, arọ, afọ́jú àti adití wọ ọ́fíìsì ìjọba kan ní San Francisco, wọ́n ní àwọn ò jáde. Ìjọba gé fóònù. Àwọn adití bọ́ sójú fèrèsé, wọ́n ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí àwọn ará ìta! Ẹgbẹ́ ajàjàgbara àwọn aláwọ̀ dúdú, Black Panther, ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá lójoojúmọ́. Ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí ìjọba tó buwọ́ lu ìlànà náà.

Ṣé o mọ̀ pé ẹjọ́ àwọn ọmọ Ṣáínà ní 1974 kan ọmọ tiwa náà? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lo òfin 1964 yẹn, ó ní ìwé kan náà, olùkọ́ kan náà, kì í ṣe ìdọ́gba fún ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ balẹ̀ sí Houston, tó jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, abẹ́ ìdájọ́ yẹn ló wà.

Ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú ńkọ́? Ní Tyler, Texas, 1,000 dọ́là lọ́dún ni wọ́n bu lé ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó lè wọ iléèwé ìjọba. Ní 1982, adájọ́ 5 nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò tọ́. Àwọn 4 yòókù ò rí i bẹ́ẹ̀.