Ṣé o mọ̀? Fáírọ́ọ̀sì kan pa ṣíìpù tó ń jí kọ̀ǹpútà

Kí Windows tó jí, BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, ti jí ṣáájú rẹ̀. Inú ṣíìpù kékeré kan lára bọ́ọ̀dù ló ń gbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999, fáírọ́ọ̀sì CIH, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ní Taiwan, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ jágbajàgba sórí ṣíìpù náà. Kọ̀ǹpútà tó bá ti bà jẹ́ báyìí, tẹ bọ́tìnì títí, kò ní dáhùn, àfi kí wọ́n tún ṣíìpù náà kọ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Iná tó lọ lójijì nígbà tí o bá ń sọ BIOS dọ̀tun lè ṣe irú ọṣẹ́ kan náà (má gbójú lé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò o). Àwọn bọ́ọ̀dù kan tiẹ̀ ní ṣíìpù BIOS méjì: bí ọ̀kan bá kú, èkejì á jí kọ̀ǹpútà náà.