Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Àlejò Tí Í Bi Onílé Léèrè

Nígbà tí ikú òjijì bá wọ agbo ilé olókìkí, ìbéèrè tí í kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ará ìlú ni pé ta ló pa á. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀wọ̀ ilé ńlá a máa di ẹni tí ó mọ̀ lẹ́nu, tí ìfura a sì máa ṣí ẹnu ẹni tí kò mọ nǹkan kan, àlejò tí kò bá wọn jogún, tí kò sì bá wọn ṣọ̀tá, ni ó yẹ kí ó wá ìdáhùn rí. Àlejò náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

Àwọn òǹkọ̀wé ti mọ èyí tipẹ́. Nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1969, Lápàdé tí ó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ni ó ń tọpa ọ̀daràn; Kọ́lá Akínlàdé náà sì kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsinmi ni Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Agatha Christie ti ọdún 1937, lọ ṣe lójú odò Náílì, kí wọ́n tó pa ìyàwó ọ̀ṣìngín kan, ọmọ olówó, nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ a máa ṣọ́ ibi tí òkú wà kí ẹsẹ̀ má baà pa ipa rẹ́, a máa gbé òkú fún dókítà yẹ̀ wò, a máa gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Àbújá wá ṣe ìdánwò dé sí ilé ìtura Olóyè Rahmon Adédoyin ní Ilé-Ifẹ̀, a kò sì rí i láàyè mọ́. Adédoyin kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn. Òun ni ó dá Yunifásítì Odùduwà sílẹ̀ ní Ìpetumodù. Síbẹ̀ wọ́n gbé ìwádìí náà kúrò ní Ọ̀ṣun lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Àbújá, nígbà tí ó sì di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 2023, Adájọ́ Àgbà Adépélé Òjó dájọ́ ikú fún un, pẹ̀lú méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, ẹ̀kọ́ èyí kan Ìlobùú, ilé Erinlẹ̀, ọdẹ tí ó di odò, àti Ìfọ́n Ọ̀rọ̀lú, ìlú Òrìṣà Olúfọ́n aláṣọ àlà. Ìjà ilẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò wọ̀nyí ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, títí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ará ìhín a ní ìlú ọ̀hún ni ó pa ènìyàn wa, ará ọ̀hún a ní ìlú ìhín ni. Bẹ́ẹ̀ ìlú kì í gbé ìbọn, ènìyàn ni í gbé e, ó sì ní orúkọ. Bí a kò bá rí ẹni náà mú, ẹ̀san ni yóò jókòó sí àga ìdájọ́, aláìṣẹ̀ ni yóò sì jẹ gbèsè ọ̀daràn.

Nítorí náà, mo bẹ ará Ìlobùú, mo bẹ ará Ìfọ́n: ẹni tí ó bá rí, kí ó sọ ohun tí ó rí fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ó má fi àgbọ́sọ kún un. Kí ìjọba náà rán ẹni tí kò ní oko ní ààlà wọn wá, kí ó sì dáàbò bo ẹni tí ó bá jẹ́rìí òtítọ́.