Pọ́ǹpù Epo Kì Í Pa Rédíò: Bí A Ṣe Ń Wá Àrùn Ọkọ̀ Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀

Orí afárá Third Mainland ni ó ti kọ́kọ́ ṣe é. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀, ọkọ̀ ń rìn bí ìgbín, ooru mú, fáànù ń kígbe lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ wa sì ti sùn lẹ́yìn. Lójijì ni abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wálẹ̀, rédíò dákẹ́, ẹ́ńjìnnì sì kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò dáhùn. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, nígbà tí a ti ń wá ẹni tí yóò fà wá, mo tún yí i, ó sì jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí.

Ẹni tó bá ti ra tòkunbọ̀ rí mọ irú ìyà yìí. Àrùn tó bá dúró sójú kan kò ṣòro wò. Èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ ni í gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní pọ́ǹpù epo ni. Mo rà á. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ kú ní Òjóta. Ó ní púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ni. Mo rà wọ́n. Ó tún kú. Nígbà tí ó wá ní kí n lọ wá owó brain box, owó tí mo ti ná ti kọjá owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wa fún sáà kan. Ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún mi pé, “Dádì, ẹ máa gbé ọkọ̀ yín lọ. Èmi àti ọmọ mi yóò máa wọ dáńfó.”

N kò dá mẹkáníìkì náà lẹ́bi tán. Èmi náà fẹ́ kí a ra nǹkan. Bí a bá ti ra nǹkan tuntun, ọkàn ẹni a balẹ̀ bí ẹni pé a ti tún ọkọ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni ìméfò lásán ni a fi owó rà.

Bàbá rẹ́wáyà kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà ni ó tú ọ̀rọ̀ náà. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Ó ní, “Ọ̀gá, lọ́jọ́ tó kú yẹn, kí ni ó kọ́kọ́ lọ?”

Mo ní, “Bàbá, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni ó kọ́kọ́ wálẹ̀, rédíò sì dákẹ́.”

“Kí ẹ́ńjìnnì tó kú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Pọ́ǹpù epo kì í pa rédíò.”

Oṣù méjì ni mo ti fi ń bá ọkọ̀ náà jà. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn, èmi náà kò sì bi ara mi.

Bí ẹ́ńjìnnì nìkan bá kú, tí iná, rédíò àti fáànù ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀nà epo tàbí ti ìtanná ni a óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀kan nínú àwọn tó sábà máa ń fa irú rẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ crankshaft, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì yí dé. Bí ó bá ti gbó, ooru lè mú kí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ já. Kọ̀ǹpútà kò ní mọ ìgbà tí yóò taná mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò sì kú. Bí ó bá tutù tán, ojú tó já yóò tún fara kan ara wọn, ọkọ̀ yóò sì jí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo nǹkan bá rẹ̀ pọ̀, ibi tí gbogbo wọn ti ń pàdé ni kí a lọ: orí bátìrì, fíúsì ńlá, ojú kọ́kọ́rọ́, àti wáyà tí àwọn rẹ́wáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀.

Bàbá mú mítà. Bátìrì tó kún, tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, yẹ kó fi nǹkan bí fólítì 12.6 hàn, bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, láàárín 13.5 sí 14.5 ló sábà máa ń wà. Tèmi kò ní àbùkù níbi méjèèjì, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ti yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀ dúró sí. Bàbá kò dúró. Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, iná iwájú, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ó wá fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí òpó bátìrì tí a kọ àmì àyọkúrò sí, ó fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì. Bí wáyà bá dára, kò yẹ kí mítà fi ju fólítì 0.2 lọ hàn níbẹ̀. Ó fi 0.9 hàn.

Nígbà tó tú bóòtù, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti jẹ ojú wáyà náà, èyí tó pọ̀ nínú okùn rẹ̀ sì ti já sábẹ́ awọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù ń fa iná púpọ̀, ojú ìsopọ̀ náà ń gbóná, iná kò rí ọ̀nà gbà, kọ̀ǹpútà kò sì rí agbára tó yẹ mọ́. Bí a bá dúró tó sì tutù, ó tún fara kan díẹ̀. Owó wáyà tuntun náà kò tó owó epo tí mo fi wá sọ́dọ̀ Bàbá.

Kì í ṣe pé brain box kì í bàjẹ́. Ní 2010, Toyota pe ọkọ̀ Corolla àti Matrix tó lé ní mílíọ̀nù kan padà ní Àríwá Amẹ́ríkà, àwọn ti ọdún 2005 sí 2008, nítorí pé ojú ibi tí a fi òjé jó pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì wọn lè sán, kí ọkọ̀ sì kú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ẹ ra òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi mítà hàn yín pé iná àti ẹ́ẹ̀tì ń dé ẹ̀yìn èyí tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọkọ̀ rà, ẹ mú ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò kékeré lọ, èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kóòdù tí yóò mú jáde kì í ṣe ìdájọ́. P0335, fún àpẹẹrẹ, ń tọ́ka sí ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ crankshaft. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, wáyà rẹ̀ tàbí orí ìsopọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́, nítorí pé kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi bí ooru àti eré ọkọ̀ ṣe rí ní wákàtí náà pamọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn kan tún ń tú bátìrì lálẹ́ ọjọ́ tí oníbàárà ń bọ̀, kí iná ẹ́ńjìnnì lè kú. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ṣe fún ara rẹ̀: bí èyí tó pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì, tí iná náà kò sì tàn rárá, ẹ béèrè ẹni tó yọ gílóòbù rẹ̀.

Ìyàwó mi ti padà sínú ọkọ̀ náà. Bí a bá dé orí afárá, ó ṣì máa ń wo abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Pọ́ǹpù epo àkọ́kọ́, èyí tí mo ní kí wọ́n yọ, ṣì wà nínú búùtù. Bàbá fi bátìrì kàn án lọ́jọ́ náà kí n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́.